Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Yíyan Ẹ̀rọ Ìgégi àti Báà Tó Bá A Mu

Ohun tí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń lọ bá nígbà tí wọ́n bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìgégi ni báà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ gbọọrọ tí ṣéènì eléyín ń sáré yí po. Bí wọ́n bá ti rí i pé báà ẹ̀rọ kan gùn ju ti èkejì lọ, wọ́n á gbà pé èyí tó gùn ni akọni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tó ń jẹ owó, tó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, tó sì lè sọ ènìyàn di aláàbọ̀ ara nìyẹn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí igi tí ènìyàn ń gé lójoojúmọ́ bá ṣe tóbi tó ni ó yẹ kí ó fi yan ẹ́ńjìnnì, bí agbára ẹ́ńjìnnì náà bá sì ṣe mọ ni gígùn báà rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ.

Àgbẹ̀ oníkòkó tó fẹ́ gé igi tó wó dí ọ̀nà oko rẹ̀, onígẹdú tó gba ìwé àṣẹ láti wó ìrókò nínú igbó, ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ láti gé igi tó fẹ́ wó lu ilé láàrin ìgboro, àti ẹni tó ń gé igi ìdáná fún àwọn alásè: ẹ̀rọ kan náà kọ́ ni ó yẹ kí gbogbo wọn rà. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀, igi wọn yàtọ̀, agbára apá wọn pẹ̀lú sì lè yàtọ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ náà ti ṣẹ̀

Kí ẹ̀rọ tó dé, àáké ni wọ́n fi ń wó igi, ayùn ńlá tí ọkùnrin méjì ń fà síwá-sẹ́yìn ni wọ́n sì fi ń là á sí pákó. Orílẹ̀-èdè Jámánì ni ẹ̀rọ ìgégi tó jọ ti òde òní ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1926, Andreas Stihl gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ ìgégi kan tó ń lo iná mànàmáná. Ní ọdún 1927, Emil Lerp gbé èyí tó ń lo epo bẹntiróòlù lọ dán wò lórí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Dolmar, orúkọ òkè yìí náà ni ó sì fún ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà wúwo débi pé ènìyàn méjì ló ń gbé ẹyọ kan. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni èyí tí ẹnìkan lè dá gbé tó wọ́pọ̀.

Ṣéènì tí gbogbo ayé ń lò lónìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1946, agégi kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Joseph Cox, rí ìdin kan nínú kùkùté igi. Ìdin náà ń jẹ igi lọ láìsí wàhálà, ó ń fi ẹnu gé e sí ọ̀tún, ó tún ń gé e sí òsì. Cox ṣe ṣéènì tí eyín rẹ̀ kọjú sí ọ̀tún àti òsì ní tẹ̀léntẹ̀lé bẹ́ẹ̀, ó sì dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún un ní ọdún 1947. Ẹni tó bá wo ṣéènì ẹ̀rọ ìgégi dáadáa lónìí yóò rí i pé ìlànà ìdin yìí ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé.

Ohun tí nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì ń sọ

Agbára ẹ́ńjìnnì ni ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n máa ń kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà cc, èyí tó ń tọ́ka sí bí àyè tí písítínì ń gbá nínú sílíńdà ṣe tóbi tó. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára ń pọ̀ sí i lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ìwúwo pẹ̀lú ń pọ̀ sí i. Stihl MS 170, tó jẹ́ 30 cc, kò ju nǹkan bíi kílò 4 lọ kí wọ́n tó fi báà àti ṣéènì sí i. Ẹ̀rọ 070 ti ilé-iṣẹ́ kan náà, tí àwọn agégi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀ bí ẹní mowó, jẹ́ 106 cc, òun nìkan láìsí báà sì ju kílò 10 lọ. Ẹni tó bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán láti fi gé ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ń fi ara ni ara rẹ̀ ni.

Ó yẹ kí olùrà mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí ni òtítọ́. Ayédèrú ẹ̀rọ pọ̀ lọ́jà. Nígbà tí báà gígùn bá wà lára ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ kéré gan-an, báà náà ni wọ́n ń fi fa ojú oníbàárà mọ́ra, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.

Bí wọ́n ṣe ń wọn báà

Ọ̀pọ̀ ló máa ń tú báà sílẹ̀, tí wọ́n á sì wọ̀n ọ́n láti ìdí dé orí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Apá tó lè gé igi ni wọ́n ń kà, ìyẹn láti ibi tí báà ti yọ jáde lára ẹ̀rọ títí dé ṣóńṣó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì 15 àti díẹ̀, 16 ni wọn yóò pè é. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ra báà mìíràn gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n nígbà tó ṣì wà lára ẹ̀rọ, tàbí kí ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì àti báà ṣe ń bára wọn mu

Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni aláṣẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é yóò ti kọ báà tó kéré jù àti èyí tó gùn jù tí ó lè gbé. Bí ìwé náà bá ti sọnù, ìlànà yìí lè tọ́ ènìyàn sọ́nà:

Ẹ́ńjìnnì 30 sí 40 cc: báà íǹṣì 12 sí 16. Èyí ni ó bá iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé mu, ẹ̀ka gígé, igi ìdáná kéékèèké, àti pípa oko mọ́. Onílé tàbí àgbẹ̀ tí kì í lò ó ju ìgbà mélòó kan lọ láàrin oṣù kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ́ńjìnnì 40 sí 55 cc: báà íǹṣì 16 sí 18. Àgbẹ̀ tó ní oko ńlá àti ẹni tó ń gé igi ìdáná tà yóò rí èyí lò dáadáa. Stihl MS 250, tó jẹ́ 45 cc, wà nínú ẹgbẹ́ yìí.

Ẹ́ńjìnnì 55 sí 75 cc: báà íǹṣì 18 sí 25. Ẹ̀rọ ẹni tó fi igi gígé ṣe iṣẹ́ oòjọ́ nìyí. Stihl MS 381, tó jẹ́ 72 cc, àti Husqvarna 372 XP, tó jẹ́ 71 cc, jẹ́ àpẹẹrẹ. Tíìkì àti mẹ̀láínà tí wọ́n gbìn sínú igbó ọba kì í sábà ju agbára wọn lọ.

Ẹ́ńjìnnì 90 cc sókè: báà íǹṣì 25 sí 36, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún èyí tó tóbi jù. 070 àti MS 880, tó jẹ́ 122 cc, wà níbí. Igi ńláńlá inú igbó àti líla ìtì igi sí pákó ni wọ́n wà fún.

Irú igi pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Arère àti aràbà rọ̀, nítorí náà ẹ̀rọ kan lè lo báà tó gùn jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àpá tàbí igi líle mìíràn, báà tó kúrú nínú ẹgbẹ́ náà ni ó yẹ. Ẹ̀rọ 50 cc tó ń fi báà íǹṣì 18 ṣeré nínú arère lè máa mí gúlegúle nínú àpá.

Bí ènìyàn ṣe lè mọ ìwọ̀n igi

Kò pọn dandan kí ènìyàn gé igi kí ó tó mọ bí ó ṣe nípọn tó. Kí ó fi okùn yí igi náà ká níbi tó fẹ́ gé, kí ó wọn okùn náà, kí ó sì pín in sí mẹ́ta. Bí okùn bá jẹ́ íǹṣì 75, ìpín rẹ̀ yóò jẹ́ 25. Ìnípọn igi náà gan-an yóò dín díẹ̀ sí i, ní nǹkan bíi 24, kò sì sí ìpalára nínú àjẹṣẹ́kù íǹṣì kan yìí.

Ìlànà tó rọrùn jù ni pé kí báà fi nǹkan bí íǹṣì 2 gùn ju ìnípọn igi lọ. Ṣùgbọ́n èyí kò túmọ̀ sí pé igi íǹṣì 30 gbọ́dọ̀ ní báà íǹṣì 32. Agégi tó mọ iṣẹ́ lè gé igi láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí báà kan fi gé igi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì gígùn rẹ̀. Ẹni tí kò tíì kọ́ ọ dé ibẹ̀ kò gbọdọ̀ dán an wò fúnra rẹ̀, nítorí pé orí báà ni ó ń wọnú igi nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí olùrà fi sọ́kàn ni pé igi tí òun ń gé jù ni kí òun fi yan ẹ̀rọ, kì í ṣe igi tó tóbi jù tí òun lè bá pàdé. Bí mẹ́sàn-án nínú igi mẹ́wàá tí àgbẹ̀ kan ń gé kò bá ju íǹṣì 12 lọ, ẹ̀rọ oníbáà 14 tàbí 16 ni tirẹ̀. Fún ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù, kí ó pe ẹni tó ní ẹ̀rọ ńlá. Owó tí yóò san fún un kò lè tó owó ẹ̀rọ 106 cc àti epo tí yóò máa mu.

Ohun tí báà tó gùn jù ń fà

Nígbà tí igi bá bo gbogbo báà mọ́lẹ̀, gbogbo eyín tó wà nínú igi ni ẹ́ńjìnnì ń fà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí báà bá gùn ju agbára lọ, eré ṣéènì yóò já, kílọ́ọ̀ṣì yóò máa yọ̀, yóò sì gbóná. Agégi yóò máa tẹ ẹ̀rọ mọ́ igi kí ó lè wọlé, ẹ́ńjìnnì yóò sì gbóná títí písítínì yóò fi ha. Yàtọ̀ sí èyí, fáńpù tó ń tu ọ́ìlì sára ṣéènì ní ìwọ̀n tó lè tú. Èyí tí wọ́n ṣe fún íǹṣì 16 kò lè mú ọ́ìlì dé orí báà íǹṣì 24 dáadáa. Irin yóò máa ha irin, báà yóò jẹ, ṣéènì yóò sì fẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ewu. Eré ṣéènì máa ń ju mítà 20 lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí apá òkè ṣóńṣó báà bá fara kan igi mìíràn, kùkùté tàbí ẹ̀ka tó fara pamọ́, ẹ̀rọ náà yóò tàpá: báà yóò fò sókè, yóò sì yí padà sí ọ̀nà ojú àti ọrùn ẹni tó mú un, kí onítọ̀hún tó ṣẹ́jú. Báà gígùn ń mú kí orí rẹ̀ jìnnà sí ojú agégi, ó sì rọrùn kí ó kan ohun tí kò rí. Ó tún ń mú kí iwájú ẹ̀rọ wúwo, kí apá tètè rẹ̀, apá tó ti rẹ̀ kì í sì í lè dá ẹ̀rọ tó tàpá dúró.

Nítorí èyí ni búréèkì ṣéènì fi ṣe pàtàkì, ìyẹn irin tàbí rọ́bà tó dúró níwájú ọwọ́ òsì, tó ń dá ṣéènì dúró lójú ẹsẹ̀ bí ẹ̀rọ bá tàpá. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan kò ní in rárá, ti àwọn mìíràn sì ti bàjẹ́ tí olówó wọn kò tún un ṣe. Ẹni tó bá ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú báà gígùn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Báà tó kúrú jù náà ní àléébù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ti èkejì. Agégi yóò máa bẹ̀rẹ̀ jù, ara rẹ̀ yóò sì sún mọ́ ṣéènì. Lórí ẹ́ńjìnnì ńlá, eyín tó mọ níwọ̀n ni yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́, wọn yóò sì tètè jẹ tán.

Nọ́ńbà mẹ́ta tí ṣéènì ní

Ẹni tó kàn sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé òun fẹ́ ṣéènì íǹṣì 18 kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀, ìdí báà ni wọ́n sì sábà máa ń tẹ̀ wọ́n sí.

Èkíní ni àyè tó wà láàrin ìsopọ̀ kan sí èkejì. Kí ènìyàn wọn láti ìṣó kìíní dé ìkẹta lára ṣéènì, kí ó sì pín in sí méjì. Èyí tó wọ́pọ̀ ni 0.325 íǹṣì, 3/8 íǹṣì, èyí tó ní irú kékeré àti irú ńlá, àti 0.404 íǹṣì fún àwọn ẹ̀rọ ńláńlá. Irin eléyín róbótó tó ń fa ṣéènì lára ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣéènì yóò máa fò, yóò sì já.

Èkejì ni bí ẹsẹ̀ ṣéènì tó ń wọ inú ihò báà ṣe nípọn tó: mílímítà 1.1, 1.3, 1.5 tàbí 1.6. Èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù yóò máa mì sọ́tùn-ún sósì, igi kò sì ní gé gúnrégé. Èyí tó bá nípọn jù kò ní wọlé.

Ẹ̀kẹta ni iye ẹsẹ̀ náà. Kí ènìyàn kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lára ṣéènì àtijọ́, nítorí pé báà méjì tí wọ́n ń pè ní íǹṣì 18 lè má gba iye kan náà.

Fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n ọn pẹ̀lú ní ìwọ̀n: mílímítà 4.0 fún 3/8 kékeré, 4.8 fún 0.325, 5.2 tàbí 5.5 fún 3/8 ńlá, 5.5 fún 0.404. Bí ṣéènì bá mú, ẹ̀ẹ́rún igi ni yóò máa já bọ́. Bí ó bá di ìyẹ̀fun, ó ti kú nìyẹn. Ìrókò máa ń ní òkúta funfun nínú, tíìkì náà sì máa ń ní ohun tó dà bí iyanrìn, nítorí náà eyín ṣéènì kì í pẹ́ kú lára wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ènìyàn bá rò pé ẹ́ńjìnnì òun kò lágbára mọ́, fáìlì ni ó ń wá, kì í ṣe ẹ̀rọ tuntun.

Ẹni tó fẹ́ la pákó nínú igbó

Líla ìtì igi ní òòró le fún ẹ́ńjìnnì ju gígé e ní ìbú lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe é fi ń wá 90 cc sókè. Eyín ṣéènì tí wọ́n fi ń gé igi ní ìbú máa ń dagun ní nǹkan bí ìwọ̀n 30, ti ìlapákó kò sì ju nǹkan bí 10 lọ, kí ojú pákó lè jọ̀lọ̀. Ṣùgbọ́n kí onígẹdú mọ̀ pé ìlà kan tí ẹ̀rọ yìí bá là máa ń sọ igi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan di ìyẹ̀fun, nígbà tí ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ ilé ìlagi kò jẹ tó bẹ́ẹ̀. Lórí pákó mẹ́wàá, ó ti lè pàdánù ìnípọn odidi pákó mẹ́ta.

Ohun tó yẹ kí olùrà yẹ̀ wò

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀ gbọ́dọ̀ rí i pé ẹ́ńjìnnì náà tutù kí wọ́n tó ta á lójú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti ta sílẹ̀ kí ó tó dé lè ní àìsàn tí wọ́n fi pamọ́. Nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tẹ iná rẹ̀, ṣéènì kò gbọdọ̀ yí. Kí wọ́n gbé orí báà sún mọ́ pákó funfun, kí wọ́n sì tẹ iná: ọ́ìlì gbọ́dọ̀ ta sára pákó náà. Kí wọ́n dán búréèkì wò. Kí wọ́n wo etí ihò báà bóyá ó ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lékè gbogbo rẹ̀, kí olùrà béèrè bóyá ṣéènì, báà àti àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà wà lọ́jà tó sún mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ tó ń mu epo àpòpọ̀ nílò ìwọ̀n tó péye. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní, mílílítà 100 ọ́ìlì àpòpọ̀ tó dára ni fún lítà 5 epo bẹntiróòlù, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rọ ni kí wọ́n tẹ̀ lé, pàápàá fún ẹ̀rọ àtijọ́. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú jáde lára mọ́tò kò yẹ fún ṣéènì, nítorí pé ìdọ̀tí inú rẹ̀ ń ba fáńpù jẹ́.

Kí owó báà tó pé, kí owó akoto, awò ojú, ìdí-etí, bàtà líle àti ṣòkòtò tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ yìí sábà máa ń ju ìwọ̀n 100 lọ lórí òṣùwọ̀n ariwo, nígbà tí etí ti ń wà nínú ewu láti 85 bí ó bá pẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ wó igi nínú igbó ọba gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó igbó, nítorí pé níní ẹ̀rọ kò sọ ènìyàn di olówó igi.

Igi gànràngànràn má gún mi lójú, òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó wá. Ẹni tó bá wọn igi rẹ̀, tó mọ agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tó sì ra báà tó ṣe déédéé pẹ̀lú méjèèjì, yóò lo ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ́. Ohun tó tún ju ìyẹn lọ ni pé yóò fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó bá a wọ igbó padà sílé ní àlàáfíà.